ÌRÌN-ÀJÒ WA SÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ìsinmi ìdajì sáà tí ó kọjá, àwa mẹ́rìnlá tí a wà ní ọdún kejì lọ wo àkísà àwọn àgbà ní Àgbádárìgì, ìlú àwọn apẹja tí ó wà ní etí ọ̀sà, nítòsí ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí a ń pè ní Dàhòmì títí di 1975. Olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní ìtàn ni ó ṣáájú wa. Nígbà tí a padà dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bi wá pé, kí ni ẹ rí? A kò lè fi gbólóhùn kan dáhùn. Nítorí náà ni a ṣe kọ èyí, kí ẹ̀yin tí kò bá wa lọ lè bá wa rí i, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa sì lè gbà wá ní ìmọ̀ràn lórí ọ̀ràn kan tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa.

Ìlú kékeré ni Àgbádárìgì. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, ni onílé níbẹ̀. Ẹja pípa àti àgbọn ni a mọ̀ wọ́n mọ́. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, òórùn ẹja yíyan ni ó kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí ọ̀sà, ó tẹ́ bí ẹní, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a fi igi gbẹ́ sì so mọ́ èbúté rẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sí abẹ́ igi àgbọn, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọn obìnrin ń to edé sí orí àtẹ. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Gberefu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí bí ilẹ̀ náà ti rí, nítorí òun ni ó fi iṣẹ́ ìlú náà lé e lọ́wọ́ nígbà àtijọ́. Àwọn ọkọ̀ ńlá òyìnbó kò lè wọ inú ọ̀sà. Lójú òkun ni wọ́n ń dúró sí, níwájú ìgbì tí ń ya lu iyanrìn. Ẹni tí a bá tà, ọkọ̀ kékeré ni yóò gbé e kọjá ọ̀sà. Yóò fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn dé etí òkun. Ọkọ̀ kékeré mìíràn yóò sì gbé e la ìgbì já lọ bá ọkọ̀ ńlá. Ọ̀nà kan náà tí ẹja ń gbà wọ ìlú ni ènìyàn ń gbà jáde.

Ní Èkó, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkàn, inú àpótí dígí ni a ti máa ń rí ohun àtijọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Ti Àgbádárìgì yàtọ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìjọba, nínú ilé tí a kọ́ ní 1863, ọdún náà gan-an tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà sí abẹ́ àṣẹ wọn. Yàrá lẹ́yìn yàrá ni ilé yìí fi ń sọ bí a ti ń mú ènìyàn, bí a ti ń dè wọ́n, bí wọ́n ti ń kọ̀, àti bí wọ́n ti gbé ayé ní òkè òkun. Ó dára, ó sì wà létòlétò. Ṣùgbọ́n àwọn yòókù, ilé ìdílé ni wọ́n. A óò kọjá lára ìkòkò ọbẹ̀ àti aṣọ tí a sá, a óò kí ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a óò yẹ̀ fún ọmọdé tí ń ti àgbá kẹ̀kẹ́ kiri; lẹ́yìn náà ni a óò ṣí ilẹ̀kùn kan, a óò sì bá ẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Kò sí ibi mìíràn tí a ti lọ rí tí ohun tí ó burú tó bẹ́ẹ̀ ti ń gbé pẹ̀lú ènìyàn nínú ilé bí ẹbí.

Bàbá kan, ọmọ bíbí ìlú náà, ni ó mú wa yí ká. Ilé Mobee ni ó kọ́kọ́ mú wa lọ. Ó ní orúkọ ìdílé náà ti inú obì wá: pé nígbà tí àwọn òyìnbó wọlé tọ baba ńlá wọn, tí wọ́n bèèrè orúkọ rẹ̀, obì ni ó nà sí wọn, ó sì wí fún wọn ní èdè Ògù pé kí wọ́n gbà á, ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n sì kọ sílẹ̀ bí orúkọ. A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Orí tábìlì kan ni a to àwọn irin náà sí: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́, ti ẹsẹ̀, ti ọrùn, àti irin kan tí a ń fi sí ẹnu, tí a sì ń fi àgádágodo tì, kí ẹni tí ń lọ má baà lè kígbe. Àwọn tí ó ni ilé kò kọ̀ kí a gbé wọn. Ẹni tí ó lágbára jù nínú wa, tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, ki ọwọ́ bọ ọ̀kan. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí ó fi ní kí a bá òun bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó wúwo ni ó dún wa jù. Nínú àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà ni a rí èyí tí ó kéré, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè wọ̀. Ọ̀kan nínú wa bèèrè ohun tí a ń fi í ṣe. Bàbá náà wò ó, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ta ni ẹ rò pé ọwọ́ rẹ̀ tó báyìí?"

Láti ibẹ̀ a lọ sí ilé Seriki Williams Abass. Yàrá ogójì ni wọ́n ní ó wà nínú ọgbà náà nígbà tí ó ṣì ń ṣe ilé ìkẹ́rúsí, ogójì ènìyàn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni a fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń gbé nínú àwọn ìyókù, ibojì Seriki fúnra rẹ̀, tí ó kú ní 1919, sì wà láàárín wọn. A wọ inú ọ̀kan nínú àwọn yàrá náà. Nígbà tí àwa mẹ́rìnlá pẹ̀lú olùkọ́ wa dúró tán, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò lè gbé apá rẹ̀ sókè.

Nínú yàrá kejì ni a rí àwọn ohun tí a fi ra ènìyàn: ìgò ọtí, àwo amọ̀ tí a yà ní òdòdó, ìbọn àgbá, àti agboòrùn kan. Bàbá náà wí fún wa pé ọgọ́rùn-ún ẹrú ni ìbọn àgbá, pé ogójì ẹrú sì ni agboòrùn. Ó wí i bí ẹni tí ó ti wí i fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Àwa, ogójì ni iye àwọn ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ ìkọ́ni nínú ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ẹni tí ó máa ń mú ìwé ìpè orúkọ lọ́wọ́ láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn lábẹ́ ètè rẹ̀. Nígbà tí ó dé orúkọ kọkànlá tàbí kejìlá, ó dákẹ́.

Ó tọ́ kí a wí ní ibí yìí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbọ́ ni a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ gbọdọ̀ mọ ibi tí baba parí sí àti ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Iye agboòrùn náà, àrọ́bá ni; ìdílé ni ó pa á mọ́. Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́ náà, a bi olùkọ́ wa bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a tà bá kọ iye tí a tà á sílẹ̀. Ó dáhùn pé ẹnìkan wà, a sì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Àjàyí ni orúkọ ẹni náà, ọmọ Ọ̀ṣogùn. Ní 1821 ni ogun kó ìlú rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1837, ó wí pé a fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì gba òun. Lẹ́yìn náà ni a tún fi òun gba tábà àti ọtí. Ó wí pé ní Èkó a ki ẹ̀wọ̀n gígùn kan bọ inú irin ọrùn àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin, a sì tì í ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Nígbà tí inú bá bí àwọn ọkùnrin tí wọ́n sì fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn àwọn ọmọdé ni ó ń jìyà rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ èyí, àwọn irin tí a ti gbé lọ́wọ́ ní ọ̀sán dàbí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ohùn. Ọ̀rọ̀ agboòrùn lè jẹ́ ogójì, ó lè má jẹ́ ogójì. Ṣùgbọ́n pé a fi ọmọ ènìyàn gba ẹṣin, gba tábà, gba ọtí, ẹni tí a fi gbà á ni ó kọ ọ́.

Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí lọ́wọ́ ọkọ̀ àwọn Potogí tí a ti kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Nígbà tí a ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní 1827, ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó sì di olùkọ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1845, òun, Gollmer àti Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí gan-an. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kò ṣí fún wọn. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi dúró. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ nígbà náà ṣì wà, ó kọjú sí ọ̀sà. A gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Wọ́n fi Bíbélì Yorùbá àtijọ́ hàn wá, àti yàrá kan tí wọ́n ní Claudius Philips, olùkọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, gbé. Fèrèsé kan wà nínú ilé náà tí ènìyàn lè dúró sí kí ó sì máa wo Gberefu ní òdìkejì. Ẹni tí a ti kó kọjá òkun nínú ẹ̀wọ̀n dúró ní ilé yìí, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ mu. Ní oṣù Ògún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-dínlọ́gbọ̀n.

Àwọn baba wa wí pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́; ọmọ kú, ariwo ta; bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nínú ilé ìyá rẹ̀. Ìyá Àjàyí gbọ́. Mélòó ni kò gbọ́?

Ohun kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Bàbá tí ó mú wa kiri wí fún wa pé Seriki Abass pẹ̀lú, ẹrú ni ó ti jẹ́ rí: pé ọmọ Ìjòga ni, pé a kó o ní ọmọdé, a tà á dé Bùràsíìlì, ó sì kọ́ èdè níbẹ̀, nígbà tí ó padà sí etí ọ̀sà yìí, ó di oníṣòwò ẹrú. Nígbà náà, ọmọ méjì ni irin kan náà ti dè. Ọ̀kan padà wá, ó ṣí ilé ìkẹ́rúsí. Èkejì padà wá, ó ṣí ìwé. Ilé méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn. Ìyà kò tó láti kọ́ ènìyàn ní àánú. Ẹni tí ó jìyà ni yóò yan ohun tí yóò fi ìyà náà ṣe. A rò pé ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó owó ọkọ̀ wa.

Ní ọ̀sán a bá ọkọ̀ kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Láti ibẹ̀ a fi ẹsẹ̀ rìn láàárín àwọn igi àgbọn, iyanrìn sì ń jó wa ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ni kànga kan wà. Wọ́n ní a ń fún àwọn tí ń lọ ní omi rẹ̀ mu, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ òkun kí a tó rí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀, a sì ti mọ ohun ìrántí kan sí ibẹ̀. Kò sí ohun mìíràn ní ibẹ̀ ju iyanrìn, omi àti atẹ́gùn lọ. Àwọn apẹja kan ń fa àwọ̀n wá sí èbúté. Bíi ogún ni wọ́n, wọ́n tò sí ẹ̀yìn ara wọn nídìí okùn, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ké sí wa pé kí a wá bá wọn fà á. A lọ. Nígbà tí àwọ̀n gúnlẹ̀, wọ́n bu ẹja díẹ̀ fún wa.

Nígbà tí a ń wọ ọkọ̀ kọjá padà, ọ̀kan nínú wa bi bàbá náà pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Kò ha ti àwọn ará ìlú yín lójú láti máa fi nǹkan wọ̀nyí hàn?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo àjẹ̀ bí ó ti ń wọ inú omi. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn baba tèmi náà wà nínú wọn. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, èmi àti ìtìjú ni yóò jọ máa sùn nínú ilé. Bí mo bá ṣí i, ẹ̀yin náà yóò bá mi gbé díẹ̀ lọ."

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tí ń bọ̀ a óò lọ kọ́ àwọn ọmọ ní oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́, òwò ẹrú sì wà nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tí a óò kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wa ní kò yẹ kí ọmọdé gbọ́ irú èyí. Ó ní kí a kọ́ wọn pé òyìnbó ni ó kó àwọn ènìyàn wa lọ, kí ó tán síbẹ̀. Òmíràn tí ó jẹ́ ará Yewa dáhùn pé láti ilé tàwọn ni a ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀, pé kì í ṣe òyìnbó ni ó wá sí oko wá mú wọn. Ẹ̀kẹta tí ó jókòó ti ará Yewa yìí, tí wọ́n sì ń jẹun nínú àwo kan láti ọdún kìíní, ọmọ Ògù ni. Òun ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Àwọn ará ilé ìyá mi wà nínú àwọn tí ó tà wọ́n. Bí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ, tí mo sì wí bẹ́ẹ̀, kí ni wọn yóò pè mí ní ọjọ́ kejì?"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò dá sí i títí di ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Bí ọmọ kan bá na ọwọ́ sókè, tí ó ní, 'Alàgbà, ta ni ó mú wọn wá sí etí òkun?' kí ni ẹ ó wí?"

A ti rò ó láti ọjọ́ náà, a sì ti fi ẹnu kò sí ohun mẹ́rin, tí a gbé síwájú yín.

Èkíní, a ó sọ gbogbo rẹ̀. A ó sọ ti àwọn tí ó ni ọkọ̀ ńlá lójú òkun àti ti àwọn tí ó ni ọkọ̀ kékeré lójú ọ̀sà. A ó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì fi òfin ka òwò náà léèwọ̀ ní 1807 lẹ́yìn tí òun pẹ̀lú ti jẹ èrè rẹ̀ pẹ́, àti pé Bùràsíìlì kò dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ títí di 1888. Òwò kì í jẹ́ ti ẹnìkan. Ẹni tí ń rà àti ẹni tí ń tà ni ń pàdé lọ́jà.

Èkejì, a ó máa ya ohun tí a kọ sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbọ́ lẹ́nu. A ó sọ méjèèjì, ṣùgbọ́n a ó sọ èyí tí èyí jẹ́, kí ọmọ lè kọ́ láti bèèrè pé, báwo ni a ṣe mọ̀?

Ẹ̀kẹta, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ènìyàn kan kí a tó dé orí iye. Ọmọ tí a bá sọ fún pé ọ̀kẹ́ àìmọye ni a kó lọ yóò gbàgbé kí agogo tó lù. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún un nípa Àjàyí tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a fi gba ẹṣin, tí a sì dá ẹṣin padà.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ọmọ Ògù ẹlẹgbẹ́ wa fi kún un: kí a má ṣe jẹ́ kí a fi orúkọ baba gún ọmọ lára nínú kíláàsì wa, ìbáà ṣe ọmọ ẹni tí ó tà, ìbáà ṣe ọmọ ẹni tí a tà. Àwọn méjèèjì lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, kí wọ́n má sì mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, kí wọ́n mọ̀ níwájú olùkọ́ tí yóò kọ́ wọn bí a ti í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a kò tí ì yanjú ni ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ọmọ tó kí ó tó gbọ́ nípa irin ẹnu àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kékeré nì. Àwọn kan nínú wa ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn kan ní kí a dúró di ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ti dúró níwájú ọmọ fún ọdún púpọ̀, a bẹ̀ yín, ẹ kọ èsì sínú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún kìíní, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọkọ̀ yín nísinsìnyí. Ẹ mú fìlà dání nítorí oòrùn Gberefu, ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì kí àwọn ìyá àgbà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà dáadáa kí ẹ tó bèèrè ẹ̀wọ̀n.